Ìmọ̀ràn: ilé olódi ayé àwọn Norman wo ni mo lè mú ọmọ lọ wò?

Ìyá Tèmi: Ẹ̀yin ará wa ní Ìlú Ọba, mo kí yín o. Wọ́n ń kọ́ ọmọ mi nípa ilé olódi àwọn Norman, àwọn ará Normandy ní Faransé tí wọ́n ṣẹ́gun Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1066: òkìtì gíga tí wọ́n fọwọ́ kó jọ, ilé ìṣọ́ lórí rẹ̀, àgbàlá nísàlẹ̀, yàrà yí gbogbo rẹ̀ ká. Ibo ni yóò ti fojú ara rẹ̀ rí i, láìsí pé owó ìwọlé gún wa lára? Lọ́ńdọ̀nù ni a ń gbé.

Ọmọ Òwu: Ẹ lọ sí Berkhamsted, mà. Ọkọ̀ ojú irin láti ibùdókọ̀ Euston ní Lọ́ńdọ̀nù kò tó wákàtí kan, ìtòsí ibùdókọ̀ Berkhamsted gan-an ni ilé olódi náà wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Ìlú yẹn ni àwọn ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì ti tẹrí ba fún William, olórí àwọn Norman, lọ́dún 1066. Robert ti Mortain, ọmọ ìyá rẹ̀, ló wá ni ibẹ̀. Lóṣù Kejìlá ọdún 1216, Louis, ọmọ ọba Faransé, dó tì í, ó sì ń fi ẹ̀rọ sọ òkúta lù ú títí àwọn tó wà nínú rẹ̀ fi jọ̀wọ́ ara wọn. Lẹ́yìn ọdún 1495 ni wọ́n pa á tì, tí àwọn ará ìlú sì ń kó òkúta rẹ̀ lọ kọ́lé. Nígbà tí rélùwéè dé ní nǹkan bí ọdún 1835, wọ́n wó ilé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Síbẹ̀, òkìtì náà dúró digbí, ẹ ó sì rí ògiri tí wọ́n fi akọ òkúta kéékèèké mọ, àti yàrà méjì tó tẹ̀ lé ara wọn.

Àgbà Ìtàn: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n igi ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń kọ́ ilé ìṣọ́ wọ̀nyí kí òkúta tó dé. Nítorí náà, Thetford ní Norfolk ni mo fara mọ́: òkìtì tó ga ju mítà 20 lọ, tí kò sí òkúta kankan lórí rẹ̀. Ó jìn díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni òun náà.

Màmá Kẹ́hìndé: Bí ẹ bá dé York, ẹ wo Clifford's Tower, tí William kọ́ òkìtì rẹ̀ lọ́dún 1068. Owó wà níbẹ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún ọmọ pé ibẹ̀ ni àwọn Júù bíi 150 kú sí lọ́dún 1190, nígbà tí àwọn jàǹdùkú ká wọn mọ́.

Ọmọ Òwu: Bó bá jẹ́ Berkhamsted ni, mà, ẹ wọ bàtà tó dì mọ́lẹ̀. Àtẹ̀gùn wà lára òkìtì náà, ṣùgbọ́n koríko ẹ̀bá yàrà máa ń yọ̀ lẹ́yìn òjò.