Zushi dúdú: ilẹ̀kùn rẹ̀ ń há, awọ ara rẹ̀ sì ń ṣí. Kí ni ṣíṣe?

Ará Ọ̀nìkàn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ igi àtijọ́ tọ́jú. Zushi kan ló wà nílẹ̀ yìí, ilé kékeré onígi táwọn ará Japan ń gbé ère Búdà sí. Ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 45, ìta rẹ̀ dúdú, ó ń dán, wúrà ni wọ́n lẹ̀ sínú rẹ̀, ilẹ̀kùn méjì ló wà níwájú. Wọ́n máa ń tan AC yàrá náà lọ́sàn-án, wọ́n á pa á lálẹ́. Ilẹ̀kùn ọ̀tún ń há tí òjò bá ti ń rọ̀. Nítòsí ìdè rẹ̀, awọ dúdú náà ti gbé sókè bí ìpẹ́ ẹja, ó fẹ̀ tó èékánná. Nǹkan funfun kan tún ń yọ lẹ́yìn rẹ̀, níbi tó fara ti ògiri. Káfíńtà ní ká fi sáńpépà ha ilẹ̀kùn, ká fi fáníìṣì kùn ún. Ṣé ká gbà fún un?

Gbẹ́nàgbẹ́nà Yábà
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà. Ohun tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe ọ̀dà, oje igi urushi ni. Wọ́n á fi oje tí wọ́n pò mọ́ lẹ́búlẹ́bú igi dí ojú ibi tí pákó ti pàdé, wọ́n á lẹ aṣọ lé e, wọ́n á fi oje àti lẹ́búlẹ́bú amọ̀ tẹ́ ẹ, kí wọ́n tó máa kun dúdú lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń fi èédú dán an. Ìpele kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbé sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ọ̀rinrin inú rẹ̀ tó ìdá 70 sí 80 nínú 100, torí pé ọ̀rinrin ló ń mú oje yìí le, kì í gbẹ bí ọ̀dà. Sáńpépà ò ní mọ ìyàtọ̀, gbogbo rẹ̀ ló máa jẹ.

Inú pákó ni wàhálà ti wá. Oje tó ti le kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀, àmọ́ pákó abẹ́ rẹ̀ ń wú, ó sì ń súnkì. AC fà á gbẹ lọ́sàn-án, ọ̀rinrin Èkó wọ̀ ọ́ lálẹ́, ojoojúmọ́. Kò sí awọ tó máa gba ìyẹn pẹ́. Etí àti ìdè ilẹ̀kùn ló máa ń kọ́kọ́ ṣí. Ẹ jẹ́ kí AC ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, àbí, bí iná NẸ́PÀ ò bá gbà, ẹ gbé zushi lọ sí yàrá tí kò ní AC rárá, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Èyí tó dáa jù ni àpótí gíláàsì tó dé pinpin, kí sílíkà, ìyẹn àwọn hóró tó ń fa ọ̀rinrin mu, tí wọ́n ti múra sílẹ̀ láti mú ọ̀rinrin dúró sí ìdá 55 nínú 100, wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi sílíkà tó gbẹ táútáú sí i, á fà á gbẹ kọjá ààlà.

Olùtọ́jú Ère
Òótọ́ ni. Ìpẹ́ yẹn ńkọ́? Ẹ má fìka tẹ̀ ẹ́, kíkán ló máa kán. Ẹ má ṣí ilẹ̀kùn yẹn mọ́. Èyí tó bá já, ẹ fi sínú àpòòwé, kẹ́ ẹ kọ ibi tó ti já sára rẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín ki gúlú awọ ẹran tí wọ́n fi omi gbígbóná là sábẹ́ ìpẹ́ náà, yóò sì rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi mú. Ní Japan, ọ̀pá oparun tín-ín-rín ni wọ́n ń tẹ̀ kọ́rọ́ sáàárín férémù àti nǹkan náà, kí ó máa tì í láìdẹwọ́. Ọgbọ́n yẹn wù mí gan-an; ó rọrùn, kì í sì í fọ́ nǹkan.

Ti nǹkan funfun, ẹ tẹ́ pépà dúdú sábẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá rí bí òwú, tí kò jábọ́, ó bu ni: ẹ fi ìbomú bo imú, ẹ gbé e síta níbi tí oòrùn ò dé, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a, àmọ́ kó má kan wúrà. Bó bá jẹ́ ìyẹ̀fun ló ń dà sórí pépà, tí ihò wẹ́wẹ́ sì wà lókè rẹ̀, kòkòrò ń jẹ ẹ́. Lọ́nà méjèèjì, ẹ fà á kúrò lára ògiri, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 10. Ògiri Ìsàlẹ̀ Èkó a máa mu omi.

Ará Ọ̀nìkàn
Ẹ ṣé púpọ̀. Ihò mẹ́ta wà lẹ́yìn ìdí rẹ̀, ìyẹ̀fun sì wà lórí pépà. Ṣé ká fín ọ̀tapíàpíà sí i?

Olùtọ́jú Ère
Rárá o! Kẹrosín tó wà nínú rẹ̀ máa wọ inú pákó, á sì ṣe é lábàwọ́n. Káńfò náà ò ní dé ibi tí kòkòrò wà. Ẹ kọ́kọ́ gba ẹnu ilẹ̀kùn òsì gbé ère jáde, kẹ́ ẹ di zushi náà sínú àpò tí afẹ́fẹ́ ò lè gbà kọjá, irú èyí tó ní ìpele alumíníọ̀mù. Náílọ́ọ̀nù lásán ń gba afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹ kó àwọn àpò kéékèèké tó ń fa ọ́síjìn mu sínú rẹ̀, kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kẹ́ ẹ tó gbé e, ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti gbé e, ẹ má gbé òrùlé, torí pé nígbà míì ńṣe ni wọ́n kàn gbé e lé e.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Yábà
Bó bá jáde nínú àpò, ẹ má gbé e síwájú fèrèsé. Oòrùn ń pa dídán rẹ̀, oje tí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà jẹ́, omi lásán tàbí ìtẹ̀ka máa fi àpá tí kì í lọ sí i lára. Ilẹ̀kùn títì ò burú: ní Zenkō-ji, tẹ́ńpìlì Búdà kan ní Nagano ní Japan, ère àkọ́kọ́ kì í jáde rárá, ẹ̀dà rẹ̀ ni wọ́n ń fi han gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́fà-mẹ́fà. Tí ìpẹ́ yẹn bá ti mọ́lẹ̀, tí ọ̀rinrin yàrá sì ti dúró sójú kan, ilẹ̀kùn ọ̀tún fúnra rẹ̀ lè jáwọ́ nínú híhá.