Ṣé mo lè kọ̀wé béèrè èsì ìgbaniwọlé mi?
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà. Oṣù Kejìlá ni mo kọ̀wé sí àwọn yunifásítì kan l'Amẹ́ríkà fún oyè ọ̀mọ̀wé nínú kẹ́místìrì. Ọ̀kan ti gbà mí, wọ́n á sì fún mi lówó ìrànwọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ọkàn mi fẹ́ jù ò tíì fọhùn. Bí fóònù bá ti dún, àyà mi á já. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ni gbèdéke tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀ fi sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n fẹ́ fún lówó ìrànwọ́ láti fèsì bóyá ó gbà, ó sì ti dé tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ọ̀nà yìí rí, ẹ dákun, ta ni kí n kọ̀wé sí: akọ̀wé ẹ̀ka ni, àbí ọ̀jọ̀gbọ́n tí mo fẹ́ bá ṣiṣẹ́? Ṣé kí n sọ pé ibòmíràn ti gbà mí, àbí wọ́n á rò pé mò ń halẹ̀ mọ́ wọn ni?