Báwo ni onídìrí ṣe ń di ẹni tí wọ́n ń wá nítorí irun kíkákò?

Àbẹ̀kẹ́ Olóòyà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onídìrí. Níbi púpọ̀, irun tó nà gbọọrọ ló máa ń wà lórí ọmọláńgidi tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ irun. Báwo lèèyàn ṣe ń ti ibẹ̀ di ẹni tí wọ́n ń wá nítorí irun kíkákò nìkan? Kí ló yẹ kó tún kọ́, kí ló yẹ kó pa tì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á sílẹ̀ kí àwọn ọmọṣẹ́ rí nǹkan mú lọ.

Ìyá Ṣadé
Gígé ló ń yani sọ́tọ̀, kì í ṣe dídì. Irun kíkákò máa ń súnkì tó bá gbẹ. Èyí tí wọ́n gé dé èjìká nígbà tó tutù lè fò lọ sí etí tó bá gbẹ tán. Kì í sì í súnkì dọ́gba: lórí ẹnì kan náà, àárín orí lè kákò pinpin, kí ti ẹ̀yìn ọrùn kàn máa rọ́ díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìlà tó gún régé nínú omi fi máa ń wọ́ tó bá gbẹ.

Ẹ fọ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ láìfọwọ́ pa á, láìsí epo wúwo lórí ẹ̀. Kó má jẹ́ irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ìdì rẹ̀ o, torí ìdì máa ń yí bó ṣe ń ká padà. Ẹ mú ìdìpọ̀ irun kọ̀ọ̀kan tó jọ ká pọ̀, ẹ má fà á, ẹ gé ṣóńṣó rẹ̀ bó ṣe wà yẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, iwájú ló kẹ́yìn torí ibẹ̀ lojú kọ́kọ́ ń rí. Ẹ máa sún sẹ́yìn wò ó léraléra. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ fọ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ tún wo èyí tó yọ síta.

Mọ́remí
Àlùmọ́gàjí eléyín, ẹ má gbé e sún mọ́ irun yẹn rárá.

Tóyìn Onírun
Kí ló dé, ẹ̀gbọ́n? Tí irun bá ti pọ̀ jù, òun ni wọ́n ní ká lò.

Mọ́remí
Torí ó ń ki irun kúkurú sáàárín èyí tó gùn. Àwọn kúkurú yẹn ò ní lè tẹ̀ lé ìdìpọ̀ wọn mọ́, wọ́n á yọ síta, gbogbo orí á wú. Abẹ náà nìyẹn, ó ń ha èèpo irun, ìyẹn ìbòrí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lára fọ́nrán. Tó bá pọ̀ jù, ẹ wọ abẹ́ lọ, ẹ mú ìdìpọ̀ mélòó kan níbẹ̀, kẹ́ ẹ gé wọn kúrú. Kí àlùmọ́gàjí yín mú gan-an, ẹ má sì fi gé aṣọ tàbí ìwé láéláé.

Dékúnlé Onígèérun
Ìyá Ṣadé, ẹ má bínú, ẹ sọ ọ́ bíi pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Oníbàárà tó jẹ́ pé nínà ló máa ń na irun rẹ̀ ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá gé tirẹ̀ ní kíkákò, wágunwàgun ló máa rí lọ́jọ́ tó bá nà á. Ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ na irun rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gé e, ì báà jẹ́ díráyà lẹ fi nà án, ì báà jẹ́ òwú lẹ fi kó o.

Ìyá Ṣadé
O ò purọ́, àbúrò mi. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú nìyẹn: báwo ni ẹni yìí ṣe máa ń gbé irun rẹ̀ lọ́pọ̀ ọjọ́? Àmọ́ ẹni tó ń gbé e ní kíkákò, mi ò ní gé tirẹ̀ ní nínà láé.

Ọmọ Ìyá Onírun
Ṣé 3B, irun tó ń rọ́ bíi súpíríǹgì, lẹ ń sọ ni àbí 4C tó kákò pinpin? Ẹ ò dá nọ́ńbà kankan.

Dékúnlé Onígèérun
Andre Walker tó ń ṣe irun Oprah Winfrey nígbà náà ló bẹ̀rẹ̀ ètò nọ́ńbà yẹn láwọn ọdún 1990; àwọn ẹlòmíì ló fi 4C kún un lẹ́yìn náà. Bí irun ṣe ká nìkan ni nọ́ńbà náà ń sọ. Kò sọ bóyá fọ́nrán kọ̀ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ó nípọn, kò sọ bó ṣe pọ̀ tó lórí, kò sì sọ bó ṣe ń mumi. Bó ṣe ń mumi yẹn gan-an ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù.

Irun tí èèpo rẹ̀ pa dé, bí omi orí ewé kókò lomi máa ń ṣe lára rẹ̀. Ooru ló ń fẹ́: ẹ fi kọ̀ndíṣọ́nà sí i, ẹ da fìlà ọ̀rá bò ó fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ yẹra fún ìpara wúwo. Èyí tí èròjà tó ń bó àwọ̀ irun (bílíìṣì) tàbí ooru ti ṣí èèpo rẹ̀ á tètè mumi, á sì tètè gbẹ. Òun ni ìpara tó nípọn dára fún, kó lè di omi náà mú.

Ọmọ Ìyá Onírun
Ẹ ju fọ́nrán kan sínú ife omi. Tó bá léfòó, èèpo rẹ̀ pa dé nìyẹn. Ó rọrùn.

Mọ́remí
Kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé o. Òróró tó kù lára irun lè mú kó léfòó, ojú omi fúnra rẹ̀ sì lè gbé fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ dúró. Ẹ fọ́n omi sí irun tó mọ́, kẹ́ ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó kó tó wọlé.

Ìyá Ṣadé
Mọ́remí ti sọ ọ́ tán.

Tóyìn Onírun
Ti gbígbẹ ńkọ́? Irun á rẹwà lórí àga, kó tó di wákàtí kan á ti wú.

Àánú
Omi ò tó, ọwọ́ sì ti pọ̀ jù lára ẹ̀. Ẹ pín orí sí mẹ́rin, tí irun bá pọ̀ kó jẹ́ mẹ́jọ, ẹ fi kílíìpù mú un. Omi àti kọ̀ndíṣọ́nà lẹ ó fi tú u. Ìka ni kó ṣáájú, kí òòyà tí eyín rẹ̀ jìnnà síra tẹ̀ lé e. Ṣóńṣó ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa gòkè lọ sídìí. Tó bá jẹ́ ìdí lẹ ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo kókó lẹ máa tì jọ sójú kan, irun á sì já. Ẹ ṣan án. Nígbà tí omi ṣì ń kán, ẹ fi jẹ́ẹ̀lì sí ìpín kan lẹ́yìn èkejì, ẹ máa fọwọ́ fún un láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Aṣọ òwú tó jọ̀lọ̀ ni kẹ́ ẹ fi fa omi rẹ̀, kì í ṣe táwẹ̀lì. Ẹ ki dífúsà, ìyẹn ẹnu gbòòrò tó ń tú atẹ́gùn ká, bọ díráyà, kí ooru àti atẹ́gùn rẹ̀ wà ní kékeré. Ẹ má fọwọ́ kàn án títí á fi gbẹ pátápátá. Jẹ́ẹ̀lì á le gbagidi, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ìgbà yẹn lẹ wá máa fún un kí líle yẹn kúrò. Tẹ́ ẹ bá fún un nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù, wíwú lẹ máa rí.

Bísí Àgbà
Ẹnì kankan ò tíì fẹnu kan rìlásà. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá onídìrí irun kíkákò, apá kan irun wọn ti nà, apá kan ń kákò bọ̀. Ẹ má ṣèlérí pé ìpara kankan máa dá èyí tó ti nà padà. Rìlásà ti tú ìsopọ̀ inú irun, ó sì ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, gígé ló kù. Irun ń hù bíi sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀ lóṣù, torí náà ẹni tí kò bá fẹ́ gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa gé e díẹ̀díẹ̀. Ibi tí tuntun ti pàdé tàtijọ́ ló máa ń já jù, ẹ má fi òòyà bá a jà níbẹ̀.

Tóyìn Onírun
Tó bá ní kí wọ́n fi pọ́ọ̀mù ká apá tó nà yẹn ńkọ́, mà?

Bísí Àgbà
Rárá o! Ammonium thioglycolate ló wà nínú ọ̀pọ̀ pọ́ọ̀mù tó ń ká irun. Irun tí rìlásà onísodium hydroxide bá ti kàn, ẹ má fi èyí lé e, á já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sínú báásì. Ẹ bi í ní gbogbo ohun tó ti fi sórí láti ìgbà tí irun náà ti ń hù bọ̀.

Dékúnlé Onígèérun
Kẹ́ ẹ sì fa fọ́nrán tó tutù wò. Èyí tó dáa á nà díẹ̀, á padà sáyè rẹ̀. Tó bá nà tí kò padà, purotéènì ló ń fẹ́. Tó bá já pẹ́ láìnà, ẹ dáwọ́ purotéènì dúró, ọ̀rinrin ló ń wá.

Ọmọ Ìyá Onírun
Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tó o sọ ti ń yí padà o. Lọ́dún 2021 ni wọ́n tún ìlànà iṣẹ́ irun ṣe ní Ìlú Ọba kí gbogbo irú irun lè wà nínú ẹ̀. Ìpínlẹ̀ New York náà ṣòfin tirẹ̀ lọ́dún 2023.

Bísí Àgbà
Ó dáa bẹ́ẹ̀, ó ti pẹ́ jù.

Tóyìn Onírun
Ẹ̀gbọ́n Àánú, ìpara àti jẹ́ẹ̀lì, èwo ló ń ṣáájú?

Àánú
Ìpara, kí jẹ́ẹ̀lì wá lé e lórí. Àmọ́ tí fọ́nrán rẹ̀ bá tẹ́ẹ́rẹ́, jẹ́ẹ̀lì nìkan ti tó, ìpara á wọ̀ ọ́ lọ́rùn.