Orin wa ni wọn ò fẹ́ ni, àbí àwa gan-an? Ẹ wá sọ èyí tójú yín rí

Aṣiṣẹ́-Òru, Manchester

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní yunifásítì ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó ní òyìnbó tó bá ti lè sọ pé òun ò fẹ́ràn ráàpù, ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni, kò sí àlàyé míì. Mo ní kó má yára bẹ́ẹ̀. Ó ní mi ò mọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí kí ẹ tó bá wa dá a.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, ṣífíìtì alẹ́. Bàbá òyìnbó kan wà níbẹ̀ tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, iṣẹ́ rélùwéè ló ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì. Tí mo bá ń po tíì lóru, mo máa ń fi Sunny Adé sórí fóònù, màá yí i sílẹ̀ dáadáa. Lóru ọjọ́ kan bàbá tẹ aago, mo sáré dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ó ní, "Orin yẹn, ṣé kì í parí ni?" Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní màá pa á. Ó ní òun ò ní kí n pa á, òun kàn ń béèrè ni, torí gìtá yẹn ti ń yí lójú kan láti bí ogún ìṣẹ́jú. Kò fẹ́ràn ẹ̀, kò sì fi pa mọ́. Àmọ́ ó bi mí ohun tí ìlù tó ń ké yẹn ń wí. Mo ní gángan ni, ó máa ń sọ̀rọ̀, ohùn èdè wa ló ń tẹ̀ lé. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti yọjú, á ní, "Kí ni ìlù ẹ tún fi ń bú mi lónìí?" Títí bàbá yẹn fi kú, kò gba ti júùjú. Èmi náà ló sì ní kí wọ́n pè nígbà tí ọ̀rọ̀ fẹ́ bọ́.

Ẹ wá gbọ́ ti ẹnìkejì. Ọ̀gá wa kan wà, obìnrin, Afrobeats ló ń gbọ́ nínú mọ́tò láàárọ̀ lálẹ́. Ó mọ orin Burna Boy jù mí lọ. Níbi àríyá Kérésì, òun ló ń kọ́ wa níjó, àwa tá a wá láti Ìlọrin àti Adó! Obìnrin yìí kan náà ni mo fetí ara mi gbọ́ tó ń sọ fáwọn ẹ́jẹ́ńsì lórí fóònù pé kí wọ́n yéé kó "àwọn yẹn" wá lópin ọ̀sẹ̀, pé ohùn wọn ń da àwọn arúgbó láàmú. "Àwọn yẹn" ọ̀hún, àwa ni.

Mo bi ọmọ mi pé èwo ni ẹlẹ́yàmẹ̀yà nínú àwọn méjèèjì. Kò tíì dá mi lóhùn. Ẹ̀yin ńkọ́?

DJ Àgbà, Peckham

Àǹtí, ọmọ yín ò jẹ̀bi tán o.

Mo ti ń ṣe DJ ní Lọ́ńdọ̀nù láti 2003: ìsọmọlórúkọ, ọjọ́ ìbí, òru Sátidé ní kílọ́ọ̀bù. Láti 2005 ni ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù ti ní fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní 696. Ẹni tó fẹ́ ṣe eré alẹ́ á kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù gbogbo olórin àti DJ tó ń bọ̀ síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ìyẹn nìkan kọ́ ló bí wa nínú, torí lóòótọ́ làwọn kan ń gbé ọ̀bẹ wá síbi àríyá. Fọ́ọ̀mù yẹn tún béèrè irú orin tí a máa lò, ó sì kọ àpẹẹrẹ sí i fún wa: bashment, R&B, garage, irú orin tí àwa dúdú ń jó jù. Ó wá béèrè ẹ̀yà àwọn tó ń bọ̀ wá jó. Rock ò sí níbẹ̀, country ò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn olórin pariwo, wọ́n yọ ìbéèrè ẹ̀yà, àmọ́ ó di oṣù Kọkànlá 2017 kí wọ́n tó fagi lé fọ́ọ̀mù náà pátápátá.

Èyí tó wá ṣe mí nìyí. Ọ̀gá gbọ̀ngàn kan, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ti gbà láti fún mi láyè. Bó ṣe rí "grime", ráàpù àwọn ọ̀dọ́ Lọ́ńdọ̀nù, lára ìwé ìpolówó, ó ní wọ́n ti gba gbọ̀ngàn náà lọ́jọ́ yẹn. Mo tẹ ìwé míì: "Alẹ́ Àṣà Áfíríkà". Mo ní kí àbúrò mi obìnrin mú un lọ. Ọjọ́ kan náà, aago kan náà. Ó ní àyè wà, ó tún béèrè bóyá a máa se jọ̀lọ́ọ̀fù. Irú orin tí mo fi sí i lọ́jọ́ náà, ẹ má bi mí. Ọ̀gá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń mi orí tọ̀ ọ́.

Nígbà tí Skepta, olórin grime, ọmọ Adénúgà, gba ẹ̀bùn orin Mercury Prize ní 2016, fọ́ọ̀mù yẹn ṣì wà lóde.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Kan

Èmi ò fẹ́ràn ráàpù o. Dúdú ni mí, bàbá mi dúdú, ìyá mi dúdú. Èébú ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣé èmi náà ti di ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni?

DJ Àgbà, Peckham

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò gbọ́ fújì nígbà tí Barrister àti Kollington ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn ni?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Kan

Òwe nìyẹn. Kì í ṣèébú.

Màmá Texas, Houston

Mo rẹ́rìn-ín. Ti èmi gba ọ̀nà míì.

Ẹni tó bá dàgbà ní Ìbàdàn láàárín 1970 sí 1980 á rántí Jim Reeves, olórin country ará Amẹ́ríkà, láàárọ̀ Sunday. Bàbá mi, tíṣà, tí kò gun ẹṣin rí láyé ẹ̀, mọ orin Jim Reeves àti Skeeter Davis látòkè délẹ̀. Èmi tiẹ̀ rò pé orin ṣọ́ọ̀ṣì ni. Nígbà tí mo dé Texas ní 1998, tí àwọn tá a jọ ń ṣe nọ́ọ̀sì pè mí wá jẹ ẹran sísun lẹ́yìnkùlé wọn, wọ́n fi Jim Reeves sí i, mo bá gbè é. Gbogbo wọn dákẹ́. Ìyá àgbà kan wò mí títí, ó ní, "Ta ló kọ́ ẹ lórin wa?" Mo ní bàbá mi ni. Ó ní apá ibo ni bàbá mi gbé ní Texas. Mo ní Mọ́kọ́lá.

Àwọn ọmọ mi ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Tí mo bá ti tan country nínú mọ́tò, wọ́n á gbé gíláàsì sókè kí ará ìta má baà gbọ́. Wọ́n ní orin àwọn tí kò fẹ́ dúdú ni. Mi ò lè bá wọn jà, torí àkọ́bí mi ń ti ilé ìwé bọ̀ lọ́jọ́ kan ni àwọn ọmọkùnrin kan bú u láti inú ọkọ̀ akẹ́rù, irú orin yẹn gan-an ló sì ń dún nínú ọkọ̀ náà. Bó bá ti gbọ́ gìtá yẹn báyìí, ọkọ̀ yẹn ló ń rí.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀dọ̀ àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni bánjò ti wá. Charley Pride, ọkùnrin dúdú, nígbà tí orin ẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní 1966, wọ́n fi àwo ránṣẹ́ sáwọn ilé rédíò láìfi fọ́tò ẹ̀ sí i. Àwọn èèyàn fẹ́ràn ohùn náà kí wọ́n tó mọ ẹni tó ni ín. Ní 1971, òun ni ẹgbẹ́ àwọn olórin country fún ní oyè tó ga jù lọ́dún yẹn.

Nígbà tí Beyoncé, ọmọ Houston níbí, gbé àwo country tiẹ̀ jáde ní 2024, àwọn ọmọ mi yìí náà ló ń yí i sókè nínú mọ́tò mi. Èmi ni mo gbé gíláàsì sókè.

Bọ̀ọ̀dá Chicago

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nílùú yìí ní 1979. Lọ́jọ́ kejìlá oṣù Keje, wọ́n ní kí ẹni tó fẹ́ wo béísíbọ̀ọ̀lù ní pápá Comiskey mú àwo disco kan dání, á san sẹ́ǹtì 98 péré. Steve Dahl, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, fẹ́ fi ohun abúgbàù fọ́ àwọn àwo náà láàárín eré méjì. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí rí nígbà tí ilé rédíò tó wà yí sí disco, kí n má fi ìyẹn pa mọ́. Wọ́n fọ́ ọ lóòótọ́, èrò ya wọ pápá, iná ń jó, eré kejì ò ṣeé gbá mọ́. Vince Lawrence, ọmọkùnrin dúdú tó ń júwe àyè ìjókòó fún èrò lọ́jọ́ náà, ti sọ ọ́ lóríṣiríṣi ìgbà pé púpọ̀ nínú àwo tí òun rí kì í ṣe disco rárá, àwo àwọn olórin dúdú ni ṣáá. Òun náà wà lára àwọn tó dá orin ijó tí wọ́n ń pè ní house sílẹ̀ ní Chicago níbí lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Dahl ní tiẹ̀ ò gbà, ó ní orin ni, kì í ṣe ẹ̀yà.

Èmi ò dé pápá. Ibi tí mo ti ń fọ abọ́ ni mo ti ń bọ̀, mo wà nínú ọkọ̀ ojú irin nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ wọlé, tí wọ́n ń kígbe pé disco ti kú. Ọ̀kan nàka sí mi, ó ní, "Orin ẹ ti kú o!" Disco wo? Ebenezer Obey ni mo kó nínú àpótí wá láti ilé. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ro ó: báwo ló ṣe mọ̀ pé èmi ni mo ni orin náà?

Ọmọ Òṣogbo, Salvador

Ní tèmi, níbí ní Brazil, awakọ̀ takisí ni. Ìlù ìjẹ̀ṣà bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò, inú mi ń dùn, ó sáré pa á, ó ní ti èṣù ni. Ìpínlẹ̀ Bahia yìí náà ni wọn ò ti ń jẹ́ kí ilé candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà tibí, lu ìlù láìgbàwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá títí di 1976. Awakọ̀ náà dúdú jù mí lọ. Mo san owó ẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀.

Ayálégbé, Ìsọlọ̀

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ òkè òkun. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ti Èkó.

Ilé onífúláàtì mẹ́fà là ń gbé. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ mi, ọmọ Ìgbò tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ládípọ̀, máa ń fi Osadebe sí i láàárọ̀ Sátidé. Mo kọ̀wé sí lándílọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mejì pé ariwo ò jẹ́ ká sinmi. Nígbà tí mo kọ ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọkùnrin yìí kan ilẹ̀kùn mi, ó mú ìwé pélébé kan dání. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ lọ́jọ́: Alhaji tó wà lókè, Pasuma, láti aago mọ́kànlá alẹ́ dé aago méjì òru, Friday mẹ́rin léra wọn. Ó ní, "Ọ̀gá, lándílọ́ọ̀dù ní òun ò rí ìwé kankan gbà lórí ti Alhaji. Ṣé ariwo lẹ ń sá fún ni àbí èdè?" Yorùbá ló fi sọ ọ́, kò sì ṣì í.

Mo fẹ́ fèsì pé fújì kì í dí mi lọ́wọ́ oorun. Òótọ́ sì ni, mo ti ń sùn nínú ẹ̀ láti kékeré. Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà ìyàwó mi rán mi létí nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí ọkùnrin yẹn ń kó ẹrù wọlé, kó tó tan rédíò kankan, mo yọjú lójú fèrèsé, mo ní, "Ariwo ti dé."

Aṣiṣẹ́-Òru, Manchester

Hẹ̀n. Ọmọ mi ti ka gbogbo ẹ̀. Ó ní kí n béèrè bóyá ẹ ṣì jọ ń gbé.

Ó tún bi mí ohun tí gángan yẹn ń sọ sí bàbá òyìnbó gan-an. Mo ní kó fi mí sílẹ̀, nígbà míì irọ́ ni mo ń pa fún un.

Ayálégbé, Ìsọlọ̀

A ṣì jọ ń gbé. Kí n má parọ́, Osadebe ò tíì wọ̀ mí lára. Ìwé ni mi ò kọ mọ́.