Bàálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì lórí òkun: ibo ló máa sá sí tí ọ̀kan bá kú?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, ETOPS (òfin tó ń jẹ́ kí bàálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì lè fò jìnnà sí pápákọ̀) ìṣẹ́jú 180 tí wọ́n ń sọ yìí, ṣé epo ìṣẹ́jú 180 ni wọ́n kàn máa ń rọ lé e ni àbí báwo?

— Rárá o. Bó ṣe lè jìnnà tó sí pápákọ̀ tó máa sá sí nìyẹn, eré ẹ́ńjìnnì kan ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀, láìka atẹ́gùn. Ká ní ó ń sá 400 nọ́ọ̀tì (ìyẹn máìlì òkun 400 ní wákàtí kan), máìlì òkun 1,200 nìyẹn, wọ́n á wá fa òbìrìkítí yí àwọn pápákọ̀ bíi Gander ní Kánádà, Shannon ní Ireland àti Lajes ní erékùṣù Azores ká lórí máàpù, ọ̀nà ò gbọdọ̀ yọ síta.

— Òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ epo gan-an ni wàhálà. Tí afẹ́fẹ́ inú bàálù bá jò dànù, kíá lẹ máa já wálẹ̀ sí bí ẹsẹ̀ bàtà 10,000, ibẹ̀ lepo ti ń lọ bí omi, ìyẹn gan-an ni èmi máa ń kọ́kọ́ ṣírò.

— 1985 ni wọ́n fún TWA, iléeṣẹ́ bàálù Amẹ́ríkà, láyè ìṣẹ́jú 120 pẹ̀lú Boeing 767, Airbus A350 ti gba ìṣẹ́jú 370 báyìí. Ẹ ò rí nǹkan!

— Hàáà, ó ti yé mi. Ẹ ṣé gan-an.