Abẹ́rẹ́ àti egbòogi àwọn ará Ṣáínà fún ajá àti ológbò: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìbéèrè láti Manchester

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Ajá mi ti pé ọmọ ọdún 13, làkúrègbé sì ti mú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ débi pé kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Oògùn ìrora tí dókítà kọ fún un ń da inú rẹ̀ rú. Aládùúgbò mi tó wá láti Hong Kong ní kí n gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà (acupuncture, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí wọ́n ń gún sí ara láìsí oògùn nínú rẹ̀), ó sì júwe ṣọ́ọ̀bù kan fún mi tí wọ́n ti ń ta ewé àti egbò. Ológbò mi náà ti ń wúkọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣé kí n kúkú ra ti àwọn méjèèjì níbẹ̀?

Èsì láti Leeds

Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ jẹ́ ká ya ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ àgbo, nítorí pé ewu wọn kò dọ́gba rárá.

Òfin ọdún 1966 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ìtọ́jú ẹranko sí ọwọ́ dókítà ẹranko tó forúkọ sílẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń gún ènìyàn ní abẹ́rẹ́, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dán tó, kò ní àṣẹ láti gún ajá yín. Ẹ ní kí dókítà yín darí yín sọ́dọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó kọ́ iṣẹ́ náà, kí ẹ sì yẹ ìwé adójútòfò yín wò, torí pé àwọn kan máa ń san nínú owó rẹ̀ bí dókítà bá ti kọ̀wé sí i.

Abẹ́rẹ́ náà tín-ín-rín, wọn kì í sì í fi sílẹ̀ lára rẹ̀ ju bí ìṣẹ́jú 10 sí 20 lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ajá tèmi ń wò mí bí ẹni tí mo tà. Nígbà tó di ìgbà kẹta, ó ń hanrun lórí tábìlì dókítà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni a ń lọ. Bí ẹ kò bá rí ìyàtọ̀ kankan lẹ́yìn ìgbà mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ fi owó yín sápò. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ dán ojú yín: ẹṣin àti màlúù ni àwọn ará Ṣáínà ń tọ́jú báyìí látijọ́, ìwé ńlá tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Yu ṣe ní ọdún 1608 sì dá lórí ẹṣin. Púpọ̀ nínú ojú ibi tí wọ́n ń gún lára ajá lónìí, láti ara ènìyàn ni wọ́n ti mú un.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ní ọdún 2010, àwọn olùwádìí ní Brazil kọ nípa ajá 40 tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn bàjẹ́ gan-an. Nínú 19 tó gba abẹ́rẹ́ oníná nìkan (èyí tí wọ́n ń fi iná mànàmáná díẹ̀ sí), ó yọrí sí rere fún 15. Nínú 10 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún nìkan, 4 ni. Ṣùgbọ́n àwọn ajá náà kò pọ̀, wọn kò fi ìbò pín wọn, ọ̀rọ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn kì í sì í ṣe ti làkúrègbé. Ẹ fi abẹ́rẹ́ kún oògùn dókítà, ẹ má fi rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un pé oògùn náà ń da inú ajá rú, nítorí pé ó lè pa á dà.

Àgbo ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má rà. Funfun àlùbọ́sà eléwé wà nínú àgbo òtútù wọn, bẹ́ẹ̀ àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá àti ológbò jẹ́. Má huáng, ewé àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n ń lò fún ikọ́, ń mú ọkàn ajá sáré ju bó ti yẹ lọ. Yunnan Baiyao, egbòogi Ṣáínà kan tí àwọn dókítà ẹranko kan ń lò láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ní gbòǹgbò igi olóró nínú, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a ń fojú díwọ̀n. Ti ológbò ló wá burú jù: ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè pa oró ọ̀pọ̀ nǹkan tí tiwa ń pa, ìdí nìyẹn tí hóró paracetamol kan fi lè gbẹ̀mí rẹ̀. Ikọ́ rẹ̀ lè jẹ́ ikọ́ fée, èyí tó ń fẹ́ àyẹ̀wò.

Èsì láti Florida

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ tán. Fún àwa tí a wà ní Amẹ́ríkà, Chi University ní Reddick níhìn-ín ń kọ́ àwọn dókítà ẹranko ní iṣẹ́ yìí láti ọdún 1998. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí kí ẹ tó sanwó. Àwọn oníṣẹ́ yìí tún máa ń pín oúnjẹ sí gbígbóná àti tútù, nípa bí wọ́n ṣe gbà pé ó ń ṣe ara, kì í ṣe ti orí iná: ẹran àgùntàn gbóná, ti pẹ́pẹ́yẹ tutù. Mo máa ń se ìrẹsì rírọ̀ àti adìyẹ láìsí iyọ̀ fún ajá mi nígbà tí inú bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò lè jẹ ìyẹn nìkan lójoojúmọ́.

Ìbéèrè láti Manchester

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti pe ilé ìwòsàn fún ológbò, ọ̀la ni. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, àmọ́ mo ti lẹ pílásítà ìrora láti ṣọ́ọ̀bù náà mọ́ itan ajá láàárọ̀ yìí. Ṣé ìyẹn náà léwu?

Èsì láti Leeds

Ẹ yọ ọ́ báyìí. Òróró tó ń ta nínú rẹ̀ jẹ́ ìbátan aspirin, ajá á sì máa lá a. Ẹ fi omi ọṣẹ wẹ ibẹ̀. Bí ó bá ti jẹ nínú rẹ̀, tàbí tí ó ń bì, ẹ pe dókítà lálẹ́ yìí, kí ẹ sì mú páálí rẹ̀ dání. Ẹ má jẹ́ kí ológbò sùn tì í.