Àdìrẹ níbi àpérò àwọn oníṣirò owó: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní kí n bá àwọn oníṣirò owó kan ṣètò àpérò ọlọ́jọ́ méjì n'Íbàdàn, èèyàn bí ọgọ́rin. Àwọn tí mo mọ̀ nínú wọn, bí ìjókòó bá ti pẹ́ díẹ̀, fóònù ni wọ́n ń tẹ̀. Mo wá rò ó pé kí wọ́n jọ ṣe àdìrẹ: kí tábìlì kọ̀ọ̀kan ṣe abala tirẹ̀, ká wá rán gbogbo rẹ̀ pọ̀ di aṣọ ńlá kan tí wọ́n á fi kọ́ ara ògiri ọ́fíìsì.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló wù mí. Ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ sè ni wọ́n fi ń ya ọnà rẹ̀, ó sì máa ń mú kéèyàn bá ẹni tó jókòó tì í sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ náà gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kí aṣọ tó wọ inú aró, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì ń rì í bọ̀ ọ́ kó tó mu. Àkókò dà? Àdìrẹ oníko, èyí tí wọ́n ń fi ìko so, yá ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí wọ́n so ó láàárọ̀, kí aláró rẹ ẹ́ níta, kí wọ́n tú u nírọ̀lẹ́. Níta ni o, torí rọ́ọ̀gì gbọ̀ngàn yẹn kì í ṣe ohun tí mo lè san owó rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, èwo lẹ mú? Àwọn ọ̀gá tí kò fẹ́ kí nǹkan kan ọwọ́ wọn ńkọ́, ṣé ká pò wọ́n mọ́ àwọn ọ̀dọ́ ni, àbí ká dá tábìlì wọn yà? Bí ẹ bá sì mọ aláró tó máa ń gbé ìkòkò rẹ̀ lọ síbi ayẹyẹ, èló ló ń gbà?